Mo fẹ́ bá àwọn aláró ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi, kì í ṣe lórí wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Nọ́ọ̀sì_Adátán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì ìlera agbègbè ni mí níbí l'Abẹ́òkúta. Mo ń ṣe DrPH ní yunifásítì kan lókè òkun, ìyẹn oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìlera gbogboogbò fún àwa tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlera tí a ò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń kàwé. Mo ti parí kíláàsì, ó ku ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ àti kàmpálà ló wà lọ́kàn mi. Kọ́sítíìkì ń bó wọn lọ́wọ́, èéfín háídírọ́ọ̀sì ń wọ̀ wọ́n nímú, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró nìyẹn, ìgbà tí ọwọ́ bá ti dégbò tán ni wọ́n tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Mo ti kọ fọ́ọ̀mù ìbéèrè sílẹ̀ tí mo fẹ́ pín fún wọn. Súpáfáísọ̀ mi kà á, ó ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí n wo ìwádìí àjọṣe, èyí tí àwọn obìnrin náà máa jẹ́ olùwádìí pẹ̀lú mi.

Ó wù mí, àmọ́ àyà mi ń já. Tí a bá jọ ṣe é, ta ló máa gbà pé èmi ni mo ni oyè? Ṣé ìgbìmọ̀ ethics, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, máa fọwọ́ sí i? Owó ńkọ́? Ẹni tó bá ti rìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òru

Àǹtí wa, ẹ kú orí ire. DBA, oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣàkóso okòwò, ni mò ń ṣe. Báǹkì ni mo wà lọ́sàn-án, òru ni mo ń kàwé, ẹ rí orúkọ mi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú oyè tí ẹ ń wá. Àwọn kan rò pé oyè ọ̀mọ̀wé ẹnu iṣẹ́ jẹ́ PhD tí wọ́n bu omi là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í fi EdD, oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, fún àwọn olùkọ́, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1990 ó gbòde ní ìlú ọba. PhD ń béèrè pé kí lo fi kún ìmọ̀. Tiwa ń béèrè ìyẹn, ó tún ń béèrè pé kí ló máa yàtọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí àjọṣe fi bá a mu.

Àmọ́ tíísììsì wa, ìwé ìwádìí tí a ń kọ gba oyè, kúrú. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìlú ọba ń béèrè bíi 40,000 sí 60,000 ọ̀rọ̀, nígbà tí PhD lè dé 80,000 tàbí 100,000. Ìpàdé kò mọ̀ pé ìwé yín kúrú. Ìpàdé á máa bí ìpàdé. Nítorí náà, ẹ gé e kúrú. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo Abẹ́òkúta. Kí àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yan ìbéèrè àti nígbà tí ẹ bá ń tú èsì wò. Kíka ìwé àwọn tó ti kọ ṣáájú, tiyín nìyẹn, ẹ má fi yọ ọlọ́jà lẹ́nu.

Ọ̀gá_Tíṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o. EdD ni mo gbà, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kì í wá sílé-ìwé lọ́jọ́ ọjà. Àwọn olùkọ́ àti òbí la jọ ṣe é. Mo fara mọ́ ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́_Òru sọ, àyàfi ibi kan: kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó sílé pín ibi tí wọ́n máa wà àti ibi tí wọn ò ní wà. Ẹ gbé gbogbo iṣẹ́ náà ka iwájú wọn, kí wọ́n mú ohun tí agbára wọn gbé. Àwọn òbí tèmi kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa kíkọ èsì. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n máa bá àwọn òbí ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ fúnra wọn, wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ wọn náà máa purọ́ fún tíṣà. Òótọ́ sì ni.

Ibi tó le jù lọ nínú irú oyè tiwa yìí ni pé a kì í ṣe àlejò níbi tí a ti ń ṣèwádìí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí. Bí ọ̀gá bá dé sí yàrá àwọn olùkọ́, tó ní "ẹ jẹ́ ká jọ ṣèwádìí", ta ló máa ní òun ò ṣe? Ẹni tó máa kọ ìwé ìgbéga wọn ló ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan tí kò sí lábẹ́ mi ló bá mi gba ìfọwọ́sí. Mi ò mọ ẹni tó kọ̀ títí tí iṣẹ́ fi parí, mi ò sì béèrè. Alága ìpàdé wa náà kì í ṣe èmi. Mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú bírò mi.

Ẹ bi ara yín ní tààrà: irú ojú wo ni àwọn aláró fi ń wo nọ́ọ̀sì ìjọba?

Ní ti ìlànà, ẹ ó bá orúkọ Kurt Lewin pàdé, ọmọ Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1946 ló kọ̀wé nípa ìwádìí tó ń lọ bí àyíká: kí ẹ gbèrò, kí ẹ ṣe é, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ jọ ronú sí i, kí ẹ tún un gbé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dandan mú yín yí àyíká náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan tó yé gbogbo yín kúnná sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ sáré gbà kọjá. Ẹ tún wá àkàbà Sherry Arnstein, ti 1969. Ìtẹ̀lẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tí wọ́n ti ń fi ará ìlú ṣe bojúbojú, òkè pátápátá ni ibi tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ní dandan kí ẹ dé òkè. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú tíísììsì pé orí ìtẹ̀lẹ̀ báyìí lẹ wà ní oṣù báyìí. Àwọn tó yẹ ìwé mi wò fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Àdùkẹ́_Ìtòkú

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ mà. Àwa tí ẹ fẹ́ wádìí ti dé o, ẹ fún wa láyè ká sọ tiwa.

Inú iṣẹ́ yìí ni wọ́n bí mi sí. Ìyá ìyá mi ṣe eléko, ìyá mi ṣe oníko, kàmpálà lèmi ń ṣe. Fóòmù tí a gé ní bátànì la fi ń tẹ àbẹ́là gbígbóná sára aṣọ, ká tó kó o sínú aró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fọ́ọ̀mù yín kò ní rí. Bí a bá ń po aró, tí kọ́sítíìkì bá ti ń hó lára omi, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè wá. Aṣọ á kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò bí àwọ̀ ewé, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i lójú wa báyìí, á máa di aró. Ìgbà yẹn gan-an la máa mọ̀ bóyá ó mu tàbí kò mu. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ká wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ń ya kí aṣọ kejì tó wọlé, èyí tó nípọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ aṣọ. Ta ló ti bi wá ní ìyẹn rí? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá ni pé "Ṣé o ń wọ ìbọ̀wọ́? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Àwọn olùwádìí ti wá lọ wá bọ̀ ní Ìtòkú. Ẹlòmíràn ya fọ́tò wa lọ, kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án. Ọ̀kan dé lọ́jọ́ tí oníbàárà láti Èkó ń dúró de ẹrù, ó ní ká kún ojú ìwé méje. A kún un. A kọ ohunkóhun tó bá ṣáà ti máa jẹ́ kó lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ bá wa ṣe é dáadáa, ẹ wá nígbà òjò. Oòrùn kì í pọ̀ nígbà náà láti sá aṣọ, ọwọ́ máa ń dilẹ̀ díẹ̀. Ẹ gba ọ̀dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ wọlé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó wà létí títì, torí ọ̀pọ̀ wọn ń ta aṣọ ni, wọn kì í pa aró. Àwọn tó ń pa aró wà ní ẹ̀yìnkùlé, ní Ìtòkú níbí àti ní Kẹ́mta.

Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa, Àǹtí. Ẹ má wọ yúnífọ́ọ̀mù wá. Bí ẹ bá wọlé pẹ̀lú aṣọ ìjọba, tí ẹ ń wo ilẹ̀ tí omi aró ń gbà, tí ẹ sì mú bírò lọ́wọ́, wọlé-wọlé la máa pè yín, a ó sì máa da ìdáhùn tí kò ní kó wa sí wàhálà fún yín. Èmi gan-an á purọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀sì_Adátán

Àdùkẹ́, o ṣeun o. Ọ̀rọ̀ wọlé-wọlé yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí, bẹ́ẹ̀ ojúlé kan náà ni ọ́fíìsì wa àti tiwọn wà. Mo fẹ́ béèrè: bí kọ́sítíìkì bá ta sí i yín lára, kí lẹ máa ń ṣe?

Àdùkẹ́_Ìtòkú

Epo pupa. Ẹlòmíràn á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì_Adátán

Ẹ jọ̀ọ́, omi ni kó kọ́kọ́ débẹ̀, omi tútù tó ń ṣàn, kó pẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú. Bí ó bá ta sójú, omi kan náà, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo, ẹ má fi ọsàn. Kọ́sítíìkì ni kí ẹ sì máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe omi sórí kọ́sítíìkì.

Àdùkẹ́_Ìtòkú

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mà. Òmùgọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìkan ló ń da omi lé e.

Ọmọ_Gbágùrá

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí, mo sì ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń yẹ tíísììsì wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ata díẹ̀ sí i.

Inú máa ń bí mi bí ẹnì kan bá ní ìwádìí àjọṣe kò jẹ́ tuntun, pé àwa ti ní ọ̀wẹ̀ àti àáró tipẹ́. Dúró ná. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni kan ló ni oko, ẹni kan náà ló ń se oúnjẹ, oko rẹ̀ ló ṣì máa jẹ́ nígbà tí gbogbo ayé bá ti lọ sílé. Nínú àáró, bó bá kan tìẹ lónìí, ó kan tèmi lọ́la. Púpọ̀ nínú ìwádìí tó ń pe ara rẹ̀ ní àjọṣe, ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn obìnrin ṣiṣẹ́, wọ́n jẹ ìrẹsì àti mínírà, akẹ́kọ̀ọ́ gbé oyè lọ. Mi ò ní ọ̀wẹ̀ burú. Mo ní kí a pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ibi tí ìwádìí àjọṣe ti wá ńkọ́? Orúkọ yìí gan-an, Tanzania ló ti gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí Marja-Liisa Swantz, ọmọ Finland, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Dar es Salaam ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Budd Hall wà níbẹ̀ nígbà náà, òun ló gbé e káàkiri. Ní Colombia, Orlando Fals Borda ń bá àwọn àgbẹ̀ tó ń jà fún ilẹ̀ wọn ṣe tirẹ̀, wọ́n sì pe àpérò ńlá kan lé e lórí ní Cartagena ní 1977. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti àṣẹ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó dé yunifásítì ìlú ńláńlá ló wá di ọ̀rọ̀ ìpàdé àti páálí aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì ti dá ìlú yìí rú rí? Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, pé wọ́n ń ba orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá jẹ́. Àwọn aláró fárígá. Ó le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e ní 1936, tí àwọn obìnrin sì wá sọ tẹnu wọn nípa iṣẹ́ wọn àti owó wọn. Ìwádìí nìyẹn o, àwọn obìnrin sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àwọn ló gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ẹ fi sí orí kejì tíísììsì yín. Ẹni tó bá ń yẹ ìwé yín wò ní òkè òkun kò ní gbàgbé rẹ̀.

Sí ìbéèrè yín pé ta ló ni oyè. Ẹ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ̀yin àti àwọn obìnrin bá jọ rí, tiyín lápapọ̀ ni. Tíísììsì jẹ́ àlàyé yín lórí bí ẹ ṣe rí i, ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó yè níbẹ̀, ohun tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọ́. Ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ wà níwájú tó sọ ẹni tó ṣe kí ni, láìfi nǹkan pamọ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ gbé e sí jọ́nà lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn wà pẹ̀lú tiyín. Àwọn kan máa fẹ́. Àwọn kan á ní wọlé-wọlé lè rí i.

Ọmọ_Àrò

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Gbágùrá, ẹ ti gbàgbé tiwa? Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, ẹ mọ ibi tí mo wà. Ní 1954 ni Ọ̀mọ̀wé Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn kan, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Ó tún pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn wá bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí orí ń dà. Mi ò sọ pé ìwádìí àjọṣe ni. Ohun tí mo fẹ́ kí Àǹtí rí ni pé àwọn ará abúlé mọ èrè tiwọn láti ọjọ́ kìíní: owó ilé ń wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é nítorí ìmọ̀.

Nítorí náà, tó bá kan owó, ẹ san án. Obìnrin tó fi ọ̀sán kan jókòó tì yín, aṣọ tó yẹ kó rẹ lọ́jọ́ náà ti lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ òòjọ́, ẹ kọ ọ́ síwájú ìgbìmọ̀ ethics kedere. Wọn á bi yín bóyá ẹ kò fi owó fà wọ́n lójú. Ìdáhùn ni pé olùwádìí ni wọ́n, kì í ṣe ẹni tí à ń wádìí lásán, kò sì sí olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá ń rò ó láti lo photovoice, ìyẹn kí ẹ fún wọn ní kámẹ́rà tàbí fóònù kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí níbi iṣẹ́, ó dára. Caroline Wang àti Mary Ann Burris ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé ní Yunnan ní China, ní àwọn ọdún 1990. Ó bá ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé mu. Kìkì pé fọ́tò kì í parọ́: ojú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún 18 lè wà níbẹ̀, bátànì tí ẹnì kan fi ń jẹun lè wà níbẹ̀, kí ẹlòmíràn sì jí i. Ẹ jọ fẹnu kò kí fọ́tò àkọ́kọ́ tó yà.

Ẹ má sì ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú agbo kò ní jáde. Ẹ̀yin lè di ẹnu yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ẹnu àwọn yòókù nínú agbo.

Àdùkẹ́_Ìtòkú

Ọ̀rọ̀ bátànì yẹn! Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Bàbá_Káńsù

Ọmọ mi, o kú akitiyan. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní káńsù, mo ti jókòó sí ìpàdé ju bí irun orí mi ṣe kù lọ.

Má gba ọ̀dọ̀ olóṣèlú wọlé. Bí kánsẹ́lọ̀ bá fi ọ́ hàn wọ́n, tirẹ̀ lo di, bí ìbò bá sì ti ń bọ̀, wọn á ní ìpolongo lo bá wá. Lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ bí Àdùkẹ́ ṣe wí, mú ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ dání, kí o jẹ́ kí Ìyálọ́jà gbọ́ kí ó má baà gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, má mú ìwé kankan jáde. Kí wọn, jókòó, kí o sì padà sílé.

Ohun kejì. Nígbà tí ìyá ẹgbẹ́ bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á ní "bí ìyá ṣe wí". O ò ní gbọ́ ohùn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ọwọ́ wọn ń wọ kọ́sítíìkì jù. Ya agbo wọn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ ni kí o ti gba àyè bẹ́ẹ̀, kó má dà bí ẹni pé o fẹ́ fi ọmọ gbógun ti ọ̀gá. Bí o bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, á ní "ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé náà sọ tiwọn". Ẹnu rẹ̀ ló dára kó ti jáde.

Ẹni tí kò lè kọ orúkọ, kó tẹ̀ka, kí ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ọmọọṣẹ́ rẹ fọwọ́ sí i. Kà á sétí wọn ní Yorùbá tí a ń sọ ní ọjà, kì í ṣe ti rédíò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òru

Lórí ethics, torí èmi gan-an ti fojú rí i. Méjì lẹ máa gbà, Àǹtí. Ti yunifásítì yín lókè òkun kò tó. Ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà wà lábẹ́ ìlànà orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé jáde ní 2007, èyí tí NHREC, ìgbìmọ̀ ethics ìwádìí ìlera ti orílẹ̀-èdè, ń bójú tó, nítorí náà ẹ nílò ìgbìmọ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà iye àkókò tó ń gbà, kí ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sínú ètò yín. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 tún wà níbẹ̀: ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù, ẹ sọ ibi tí ẹ máa tọ́jú wọn sí àti ọjọ́ tí ẹ máa pa wọ́n rẹ́. Gúrúùpù WhatsApp kì í ṣe ibi ìtọ́jú o.

Ìṣòro ìwádìí àjọṣe ni pé ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ gbogbo ìbéèrè tí ẹ máa béèrè, ẹ̀yin sì ń sọ pé àwọn obìnrin ló máa yàn án. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ pín in sí ipele. Ẹ gba àṣẹ fún ipele kìíní, ìyẹn ìpàdé tí ẹ ó ti jọ yan ìbéèrè. Ẹ sọ ọ́ nínú rẹ̀ pé ẹ máa padà wá pẹ̀lú àtúnṣe kí ipele kejì tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, kì í ṣe tuntun sí wọn.

Nọ́ọ̀sì_Adátán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ. Aṣọ ilé ni mo wọ̀, mi ò mú bírò. Ìyá ẹgbẹ́ gbà mí, wọ́n fún mi ní àpótí ìjókòó àti omi tútù, a sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gógó háídírọ́ọ̀sì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọwọ́ tó ń bó.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá kan na ọwọ́ méjèèjì sí mi, èékánná rẹ̀ ti di aró títí dé gbòǹgbò, ó ní "Nọ́ọ̀sì, èyí kọ́ ló ń pa wá." Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni aró tó ti kú. Kò síbi tí wọ́n máa dà á sí. Ó ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò kọjá lọ sísàlẹ̀, ìjà ń ṣẹlẹ̀ nítorí kànga, wọlé-wọlé ń wá gbowó ìtanràn, àwọn ọmọ ń ṣeré nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá lè bá wọn wádìí ibi tí omi yẹn ń lọ àti ohun tó ń ṣe, àwọn á fún mi ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá fẹ́.

Ìwé tí mo kọ fún súpáfáísọ̀ mi, ọwọ́ àti awọ ara ló dá lé. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ọ̀gá_Tíṣà

Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìlera gbogboogbò kọ́ ni omi kànga bí? DrPH lẹ ń ṣe, ẹ kò yà kúrò lọ́nà. Ọwọ́ tó ń bó ṣì lè wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka, torí omi kan náà ló ń bó o.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n gbé yín sí. Ẹ̀yin àti wọlé-wọlé wà lójúlé kan náà. Bí ìwádìí yín bá fi hàn pé omi náà léwu, èsì yẹn lè ti ìsọ̀ aró wọn pa. Kí ẹ tó bu ìgò omi kan ṣoṣo, ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, kí ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ rí èsì, ìgbà tí yóò jáde, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí kò bá dára. Ẹ pe àwọn aládùúgbò tó ni kànga náà pẹ̀lú, torí ara wọn náà wà níbẹ̀, ẹ kò sì lè ní kí ẹni tó ń mu omi máa dúró títí ẹ ó fi gba oyè. Ìyẹn ni mi ò ní lè gbà yín nímọ̀ràn lé tán. Ẹ gbé e lọ bá súpáfáísọ̀.

Ọmọ_Gbágùrá

Ọ̀gá_Tíṣà ti sọ ibi tó dùn mí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ lónìí, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín tí wọ́n fi yín rín yẹn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ni "Ìgbà wo ni wọ́n yí ọ lọ́kàn padà?" Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn, mo mọ irú àjọṣe tó ṣe.

Àdùkẹ́_Ìtòkú

Tí èsì bá jáde, ẹ má fi ìwé ńlá ránṣẹ́ sí wa o. Ojú ìwé kan ní Yorùbá, àti ohùn lórí WhatsApp tí a lè gbọ́ bí a ṣe ń tẹ àbẹ́là. Kí ọ̀kan nínú wa ka ohùn náà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Nọ́ọ̀sì_Adátán

Mo ti kọ̀wé sí súpáfáísọ̀ mi lálẹ́ àná. Ó ní inú òun dùn, pé kí n kọ ìbéèrè tuntun náà bí àwọn obìnrin ṣe sọ ọ́, kí n má tún un ṣe. Ṣé mo lè padà lọ bá wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tí mo bá ń dúró de ìgbìmọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òru

Ẹ lọ kí wọn, ẹ lọ ra aṣọ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ohùn, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má bu omi, títí ìwé àṣẹ fi máa dé. Ẹ kọ́kọ́ fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ti ibí, torí tiwọn ló máa ń pẹ́.

Àdùkẹ́_Ìtòkú

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá ra aṣọ, ẹ pè mí kí ẹ tó dé, kí àwọn tó wà létí títì má baà gba owó òyìnbó lọ́wọ́ yín.